Ọ̀pá Kékeré inú Jíìpù Bàbá Oníkòkó

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń mú mi rántí ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ayé ológun ni, nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí a ń tò fún kẹrosíìnì láti ìdájí. Mo ń wa ọkọ̀ fún oníṣòwò kòkó kan ní Ọ̀rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní bàbá oníkòkó. Ó ti ra jíìpù kan nígbà tí ayé ṣì dẹ̀. Awọ ni ìjókòó rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pariwo. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Bí a bá fà á, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ máa fa ọkọ̀, dípò méjì ẹ̀yìn nìkan. Fóò-wíìlì là ń pè é. Bàbá ní a kò gbọdọ̀ fà á, nítorí sípíà rẹ̀ kò wọ̀lú mọ́. Ó máa ń sọ pé, "Aṣọ ọdún ni. A kì í wọ̀ ọ́ lọ oko." Mo gbà. Gbogbo Sátidé ni mo ń fi aṣọ nu ọ̀pá náà títí yóò fi máa dán, mo sì rò pé ìtọ́jú nìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, bàbá yá mi ní jíìpù. Ó kàn ní ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wà á. Báyìí ni ọkọ ìyàwó ṣe fúnra rẹ̀ lọ gbé ìyàwó ní Aráròmí-Obù. Nílé wọn, ọkọ kì í rí ojú ìyàwó láàárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ni àbúrò ìyá rẹ̀ bá fi ìró bò ó lórí bí ẹrù tí òjò kò gbọdọ̀ pa, ó sì jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bí a ṣe dé àbàtà, ọkọ̀ rì. Táyà ẹ̀yìn ń yí lásán, ó ń ta ẹrẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ pásítọ̀ wa kì í so tọkọtaya pọ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán. Mo ní ọjọ́ ọdún dé wàyí, mo di ọ̀pá mú. Ó ń dán, ṣùgbọ́n kò mì. Ó ti dípẹtà nísàlẹ̀.

Láti abẹ́ ìró ni ohùn kan ti jáde. "Ẹ ta kẹrosíìnì sí i. Bí a ṣe ń ṣe sí àgádágodo ilé kòkó nìyẹn."

Ìgò kẹrosíìnì kan wà nínú ẹrù ìyàwó. Àǹtí rẹ̀ figbe ta. "Èyí tí mo tò fún! Kí lẹ ó fi tan iná lálẹ́?"

Ìyàwó ká ìró kúrò lójú. "Àǹtí, bí a ò bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni mo fẹ́ tan iná fún?"

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti kóòtù. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ìgò sí mi. "Ẹ má wo ojú mi o. Irin ni kí ẹ wò."

Mo ta kẹrosíìnì sí oríkèé ọ̀pá náà, mo ń fi sípánà gbá a díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo padà sídìí ọkọ̀ tí mo fà á, ó dún kẹ̀ẹ́, ó wọlé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ilẹ̀ mú, jíìpù sì gun ẹrẹ̀ náà jáde jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní. Agogo méjìlá kù díẹ̀, aago ni pásítọ̀ ń wò nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbóòórùn mi.

"Ṣé ìwọ lọkọ ìyàwó, àbí mẹkáníìkì?"

"Méjèèjì ni, sà," ìyàwó ló dáhùn.

Bàbá oníkòkó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ìgbà náà, à ń fa ọ̀pá yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kì í ṣe lórí títì ọlọ́dà gbígbẹ tí yóò jẹ eyín jíà, a sì ń yẹ ọ́ìlì wò bí a bá la omi kọjá. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ́ náà wọlé. Àwo ìgbéyàwó wa la fi ń jẹun lójoojúmọ́.

Mo ní, "Àwo kì í dípẹtà."

"Ọ̀pá tí ẹ̀ ń nù ńkọ́?"

Ìyàwó mi ti sùn nínú Olúwa báyìí. Ògbólógbòó jíìpù kan ni mo fi ń lọ oko kòkó mi ní Òdìgbó. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, níbi ẹrẹ̀ ẹ̀yìn ilé, mo máa ń fa ọ̀pá fóò-wíìlì rẹ̀, n ó sì pe orúkọ ìyàwó mi sókè, kí ó má baà dípẹtà lẹ́nu mi.