Fèrèsé Méjìlá Tó Kọjú sí Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kọ́tìnì

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé bó bá dúró lójú títì, tó wo fèrèsé yín lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sọ bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe ga tó, àti iye aṣọ tí yóò bò ó, kò sì ní fi ìbú ìka kan ṣì í. Mo ti dán an wò rí. Mo mú téèpù mi, mo wọn fèrèsé mọ́kànlélógójì tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan péré la ò ti fẹnu kò, nígbà tí mo sì tún un wọ̀n, èmi ni mo ṣìwọ̀n. Ọdún mẹ́ta ni mo lò nílé ìwé o, ṣùgbọ́n ìwé tí mo ti kà fúnra mi látìgbà náà, bí wọ́n bá tò ó léra, á lu òrùlé. Nítorí náà, bí mo bá ní ẹnì kan mọ iṣẹ́, kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ni mí. Èmi ni mo ti ń gbẹ́ ọ̀pá tí Ìyá Kọ́tìnì fi ń gbé aṣọ kọ́ láti ogún ọdún ó lé. Bí ẹ bá rí ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ díẹ̀ nínú ìtàn yìí, ẹ rántí pé ẹnu tó dákẹ́ nìkan ni kì í fi iyọ̀ sí nǹkan.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ ìránṣọ. Ẹ̀wù ló kọ́kọ́ ń rán. Ọdún mẹ́fà ló fi rán an, ló bá fi í sílẹ̀ lójijì. Ó ní ara ènìyàn a máa sanra, a máa rù, lẹ́yìn náà a tún máa bínú sí télọ̀. Pé òun ò tíì rí fèrèsé tó sanra. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ìdì aṣọ sì tò lẹ́yìn rẹ̀ títí dé àjà. Píìnì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Píìnì mẹ́fà á wà láàárín ètè, á máa fi sọ̀rọ̀, á máa fi ná ọjà, á máa fi bú ẹni tó bá fọwọ́ ìdọ̀tí kan aṣọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ èdè náà yé.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Àwọn yòókù á wọ inú ilé oníbàárà, wọ́n á wọn fèrèsé, wọ́n á lọ gé aṣọ. Òun kì í kọ́kọ́ wọlé. Á lọ síta, á dúró síbi tí aládùúgbò máa ń dúró sí, tàbí kó gun àtẹ̀gùn ilé kejì, á wá máa wò. Ohun tó bá rí láti ibẹ̀ ló fi ń mọ irú aṣọ tó máa gé.

“Ẹ̀yin rò pé fèrèsé là ń rán kọ́tìnì fún,” ó wí fún mi lọ́jọ́ kan. “Ojú ẹlòmíràn là ń rán an fún.”

Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Tíṣà. Olùdarí ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gíga tó jẹ́ pé ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sí ṣòkòtò rẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Ìdajì àwọn àgbàlagbà àdúgbò yìí ló ti tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀ rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ilé ìwé. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlù ú lórí àga lọ́jọ́ kan, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ padà là, ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tí wọ́n ti ń wẹ òun bí ọmọ ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣèlérí fún un. Ó sọ fún àdúgbò pé ìwé ni Tíṣà ń kà, kò fẹ́ ariwo. Wọ́n gbà á gbọ́, torí Tíṣà ò fẹ́ ariwo látijọ́.

Dókítà ní kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn àárọ̀, kí wọ́n sì máa gbé apá náà sókè sódò lójoojúmọ́. Balùwẹ̀ wọn kò gba ẹni méjì. Bí ọ̀kan bá ń mí, èkejì á dúró dè é. Ẹ̀yìnkùlé ló kù, odi rẹ̀ ga, ibẹ̀ sì ni oòrùn kọ́kọ́ máa ń balẹ̀ sí. Èmi ni mo kan àga ìwẹ̀ náà. Mo lu ihò sí ìjókòó rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn, mo fi táyà kékeré mẹ́rin sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi pa á mọ́, èmi tí ìyàwó mi ń sọ pé bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ mì, ikùn mi á wú. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláròkà.

Láràárọ̀, Ìyá Kọ́tìnì á ti àga jáde, á da omi, á mú kànrìnkàn, Tíṣà á sì máa ka iye ìgbà tí apá náà gòkè: ení, èjì, ẹ̀ta. Lọ́dún àkọ́kọ́ kò kọjá ení. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọwọ́ náà ti ń dé èjìká.

Àfìgbà tí ẹnì kan ra ilẹ̀ ẹ̀yìn odi wọn. Olówó ni, ẹlẹ́rìn-ín ni, èèyàn kì í mọ ìgbà tó ń bínú. Ó lẹ àwòrán ilé tó fẹ́ kọ́ mọ́ ara igi: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin. Ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Alájàmẹ́rin. Ìyá Kọ́tìnì wo àwòrán náà, ó yọ píìnì kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Fèrèsé méjìlá ló ga ju odi rẹ̀ lọ, gbogbo wọn ló sì kọjú sí àga ìwẹ̀.

Ó sọ fún Tíṣà.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí fèrèsé àkọ́kọ́,” Tíṣà ní, “gbé àga yẹn wọlé. N ò jáde mọ́.”

“Apá yín ńkọ́?”

“Apá tó bá fẹ́ gòkè, kó gòkè nínú yàrá.”

Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò ní gòkè nínú yàrá. Oòrùn kì í débẹ̀, ibùsùn àti àpótí ìwé sì ti gba ilẹ̀ tán.

A ṣèpàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló wá. Ó dáa, mọ́kànlá.

“Kí la ní lòdì sí ilé yìí?” mo bi wọ́n.

Ṣúmékà tó ń gbé lápá ọ̀tún ilé Ìyá Kọ́tìnì dìde. “Atẹ́gùn. Á dí atẹ́gùn mọ́ wa.”

“Atẹ́gùn ni tèmi náà,” ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wí.

“Ìyá Kọ́tìnì, ẹ̀yin ńkọ́?”

Ó wo ilẹ̀. “Atẹ́gùn,” ó ní.

N ò ní tàn yín, kò sí atẹ́gùn kankan ńbẹ̀. Ṣúmékà a máa pa irun rẹ̀ láró dúdú lẹ́yìnkùlé ní gbogbo Sátidé, ó sì ń búra pé ìdílé àwọn kì í hu ewú. Nọ́ọ̀sì a máa bá òdòdó inú ìkòkò rẹ̀ jà, ó fi orúkọ àwọn ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ rí sọ wọ́n. Olúkúlùkù ní ohun tó ń pa mọ́, bó bá sì sọ pé òun ń pa nǹkan mọ́, wọ́n á bi í pé kí ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, atẹ́gùn mọ́kànlá. Alájàmẹ́rin ò ṣe méjì, ó lọ gbàwé lọ́wọ́ onímọ̀ kan pé atẹ́gùn á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilé òun kọjá. Ìwé ẹyọ kan ló fi pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó wá bá Ìyá Kọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbẹ̀, mò ń wọn ọ̀pá.

“Màmá, gbogbo kọ́tìnì ilé yẹn, ẹ̀yin lẹ máa rán an, láti ìsàlẹ̀ dókè.”

“Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ta ni á máa fà á?”

“Ẹni tó bá ń gbébẹ̀ ni.”

“Ọwọ́ ẹni tó ń wò ni okùn wà nìyẹn, kò sí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń wò.”

Alájàmẹ́rin rẹ́rìn-ín. “Màmá, ọ̀rọ̀ yín jìn.”

“Kò jìn. Ẹ̀yìnkùlé mi ló wà.”

Nígbà tó lọ tán, mo ní, “Ẹ ò ṣe sọ òtítọ́ fún ọ́fíìsì? Wọ́n á ṣàánú ẹni tára ẹ̀ ò yá.”

“Bàbá Káfíńtà,” ó ní, “bí mo bá sọ ọ́ kí wọ́n má baà rí i, ṣé wọn ò tíì rí i nìyẹn?”

Mo tún ọ̀pá tí mo ti wọ̀n tán wọ̀n. Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọ́fíìsì náà wá fún wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti sọ èyí tó kù, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn yòókù ní ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn. Ìyá Kọ́tìnì wẹ Tíṣà tán, ó wọ bàtà, nígbà tó fi máa di agogo mẹ́sàn-án, àwa méjèèjì ti dé ojú títì ibẹ̀. Kò wọlé. Ó wo fèrèsé ọ́fíìsì náà ní àjà kejì, ó yíjú wo ilé tó dojú kọ ọ́, èyí tó ní àtẹ̀gùn níta.

“Ẹ bá mi di orí téèpù yìí mú.”

A wọn títì náà láti ògiri dé ògiri. Lọ́rì méjìdínlógún ni mo fi ọwọ́ òsì dá dúró, tí mo fi ọ̀tún di téèpù mú. Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. “Ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ju ti ẹ̀yìnkùlé mi lọ,” ó wí. Ó gun àtẹ̀gùn náà dé àjà kejì, mo tẹ̀lé e, ó dúró, ó ń wo ọ̀kánkán. Mo rò pé ó ń sinmi ni.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, Ọ̀gá tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn tábìlì. Alájàmẹ́rin náà ti wà ńbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, òun àti ayàwòrán ilé rẹ̀.

“Màmá, atẹ́gùn la kà nínú ìwé yín,” ni Ọ̀gá wí, “a sì ti dáhùn.”

“N ò wá torí atẹ́gùn, sà. Ojú ló gbé mi wá. Ojú àwọn tó máa dúró sí fèrèsé méjìlá yẹn.”

Ayàwòrán ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ló wà láàárín wọn. Láti ibẹ̀, wọn ò lè mọ ènìyàn yàtọ̀ sí dúrọ́ọ̀mù omi.”

Ọ̀gá fi báírò kan tábìlì. “Kí gan-an lẹ ń ṣe lẹ́yìnkùlé tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n rí?”

Ìbéèrè tó ti ń bẹ̀rù láti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Bó bá dáhùn, ó ti fi Tíṣà hàn. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀. Àyà mi ń lù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilé náà sì ní àwọn gbọ́ ọ.

“Kí n tó dáhùn, sà,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń ṣe níbí lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí?”

“Iṣẹ́ ìjọba ni.”

“Bàtà òsì lẹ kọ́kọ́ bọ́. Ìbọ̀sẹ̀ yín ti lu níwájú, àtàǹpàkò yọjú. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, ọwọ́ yín sì dáa ńbẹ̀. Ẹ jẹ bisikíìtì mẹ́ta, ẹ gbọn ẹ̀rúnrún rẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ tilẹ̀kùn, ẹ yọ lẹ́tà kan ní àpò àyà yín, ẹ kà á.” Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. “Èyí tó tẹ̀lé e, n ò ní sọ ọ́.”

Báírò já bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. “Ẹ rí i?”

“Mo rí i. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tiyín ni, kì í ṣe tèmi.”

Títí dòní, kò sọ ohun tó rí fún mi. Àtẹ̀gùn kan náà la jọ gùn, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé, mo rò pé àga tí wọ́n kó aṣọ lé ni mò ń wò.

Ọ̀gá dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó wo àtẹ̀gùn òdìkejì pẹ́. Nígbà tó yíjú, ayàwòrán ilé ló kọ́kọ́ wò. “Ìwọ lo ní wọn ò lè mọ̀ mí yàtọ̀ sí dúrọ́ọ̀mù omi.” Ẹni yẹn ń wo bàtà ara rẹ̀. “Màmá, ẹ má dáhùn ìbéèrè mi mọ́. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?”

Ìyá Kọ́tìnì yọ bébà tó fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ látinú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé ògiri Alájàmẹ́rin sínú rẹ̀. Fèrèsé méjèèjìlá pé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ̀, wọ́n kúrú, wọ́n sì wà lókè pátápátá lábẹ́ àjà.

“Ẹ gbé wọn ga ju orí ẹni tó ga jù lọ. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, atẹ́gùn á wọlé, ojú ò ní jáde.”

Alájàmẹ́rin wò ó, ẹ̀rín rẹ̀ dín. “Màmá, fèrèsé tó ga tó yẹn ò lo kọ́tìnì o. Iṣẹ́ ara yín lẹ gé dànù.”

“Mo mọ̀. Sísọ́ọ̀sì mi ni mo fi gé e.”

Alájàmẹ́rin wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín, èyí tó ti inú wá. “Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá. Ta ló fẹ́ bá irú wọn jà?”

Ọ̀gá fi báírò pupa yí fèrèsé méjìlá padà lórí àwòrán, ó sì tẹ òǹtẹ̀ débi pé ife omi fò lórí tábìlì.

Láti ìkóríta ni mo ti ń pariwo. Ilé mọ́kànlá tú síta. Ṣúmékà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ irun rẹ̀, tó ti funfun nídìí nítorí ìpayà oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì náà jẹ́wọ́ òdòdó. Ìyá Kọ́tìnì nìkan ni kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Wọn ò sì bi í.

Ilé náà gòkè. Èmi ni mo kan férémù fèrèsé méjèèjìlá, kò sì sí irú wọn láti ibí dé etí òkun. Kí wọ́n tó kun ún, Ìyá Kọ́tìnì mú bíríkìlà kan tó máa ń tẹrí ba kó tó wọlé, ó mú un láti fèrèsé dé fèrèsé.

“Kí lo rí?”

“Ojú ọ̀run, Màmá.”

“Na ọrùn ẹ.”

“Ojú ọ̀run náà ni.”

Ìgbà méjìlá ló bi í. Àwọn ayálégbé wá kó wọlé, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni ọkùnrin tó ń ka ení, èjì lẹ́yìn odi láràárọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn, wọn ò rí ojú. Apá náà kọjá èjìká, ó kọjá etí. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà gba kànrìnkàn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fọ orí ara rẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ tán, ó wọ ẹ̀wù funfun fún un, ó fẹ́ mú un padà sí yàrá.

“Rárá,” Tíṣà wí. “Iwájú ni.”

“Àwọn èèyàn ti wà níta o.”

“Ìdí nìyẹn.”

Mò ń fá pákó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi lódìkejì títì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Tíṣà fi ọ̀pá sọ́wọ́ òsì, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀lé e láì fọwọ́ kàn án. Ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún ni. Mo kà á, ẹ má bá mi jiyàn. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó wo òkè títì, ó wo ìsàlẹ̀. Ó fi ọ̀pá náà ti ògiri. Ó wá gbé apá ọ̀tún sókè, ó gbé e kọjá orí.

“Ẹ káàárọ̀,” ó wí.

Ṣúmékà, nọ́ọ̀sì, èmi, gbogbo àgbàlagbà tó wà lójú títì náà la fò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a na ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”