Ohun Tó Mú Títì Àdúgbò Wa Wọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lè ru omi láti odò délé láì dà á nù, ọ̀nà tó gba iwájú ilé wa kọjá ní Igbó-Ọrà gún bí okùn tí wọ́n fà le. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀ lónìí, tí ẹ máa ń yà bìrí bí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ ilé gíga tuntun nì, ẹ lè rò pé bí Ọlọ́run ṣe fi ọ̀nà náà lélẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe Ọlọ́run. Mo mọ ẹni tó ṣe é.

Ilé bàbá mi wà ní apá kan ọ̀nà, ilé àbúrò bàbá mi wà ní apá kejì, wọ́n kọjú síra wọn. Bí ẹ̀gúsí bá ti oko dé, ojúde méjèèjì la máa ń sá a sí, àwa ọmọdé a sì máa lé ewúrẹ́ títí apá yóò fi ro wá. Bàbá mi kú kí n tó wọ ilé ìwé. Ìyá mi kò kúrò nílé ọkọ. Yàrá rẹ̀ ló kángun sí ọ̀nà, orí ẹní rẹ̀ ló ti máa ń kí àwọn tó ń lọ sóko.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ ọ̀nà náà di títì, àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa. Ilé tí wọ́n bá fàmì sí lára, wíwó ni. Ara ògiri àbúrò bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ fàmì sí. Ojú mi ló ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ní kí wọ́n gúnyán fún àwọn àlejò, ẹran ìgbẹ́ sì kún inú ọbẹ̀. Èmi ni mo ń bu omi ìfọwọ́. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó pè mí: "Lọ bá mi bu kẹrosíìnì wá, kí o mú àkísà kún un." Mo rò pé àtùpà ló fẹ́ nù. Kí n tó fọ abọ́ tán, ògiri tirẹ̀ ti mọ́, àmì pupa ti wà lára ògiri ìyá mi.

Ẹ ó béèrè ohun tí ìyá mi sọ. Ìyàwó ilé ni. Ní agbo ilé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́, "ọkọ mi" ni ó ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yìí ló dúró tì í tó ń sọ pé, "Ìyàwó, mú sùúrù. Ìlú ló ń gòkè." Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Wọ́n wó yàrá náà. Títì yẹ̀ fún ilé ọkùnrin náà, ó gba orí ibùsùn ìyá mi kọjá. Àwọn ará ilé mìíràn ló wà nínú yàrá méjì tó kù, nítorí náà ilé ìdáná ni ìyá mi ń sùn láti ọjọ́ náà, èéfín sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀ ó ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà láràárọ̀. Nígbà tí kò ríran mọ́, ohùn ọkùnrin náà ló fi ń mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Mo kàwé, mo di tíṣà, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ káàkiri Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sínú yàrá méjì tó kù nínú ilé bàbá mi. Kò pẹ́ sí i ni ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ti di Alàájì ńlá, wó ilé bàbá tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé gíga dìde síbẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo ti ń wo àwọn bíríkìlà. Wọ́n kọ́ àjà kìíní, mo ní ó tó. Wọ́n kọ́ ìkejì, mo ní kí ló ń wá lókè? Nígbà tí wọ́n fi dé àjà karùn-ún, òjìji ilé náà ti bo àgbàlá mi débi pé làfún tí mo bá sá kì í gbẹ mọ́. Wọ́n ní báńkì yóò wà nísàlẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì yóò wà lókè. Nítorí ilé kan ṣoṣo yìí, wọ́n ń tún gbogbo àdúgbò ṣe. Wọ́n gé igi ọdán, wọ́n wó ìsọ̀ àwọn aránṣọ, wọ́n gbẹ́ gọ́tà tó jìn tó láti sin ènìyàn. Aráyé ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń wò.

Ìyàwó Alàájì a máa gbé sààrà wá fún mi nígbà ààwẹ̀. Mo ń gbà á, mo ń ṣe àdúrà fún un, mo sì ń dà á fún adìẹ. Adìẹ kò tíì kú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi ọkàn mi balẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn awọnlẹ̀ tún dé. Ìjọba fẹ́ fẹ títì náà. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wo inú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ní títì yìí wọ́, ó yẹ kí ó gún. Wọ́n fàmì pupa sára òpó iwájú ilé alájà márùn-ún. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Alàájì fi wọlé tọ̀ mí wá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kù tí ẹ mọ ìtàn ilé yìí. Wọ́n fẹ́ ṣèpàdé níta lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ kàn bá wa sọ fún wọn pé bí títì ṣe wà láti ìpilẹ̀ nìyí."

Mo ní, "Bí ó bá wà báyìí tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́, yàrá méjì tèmi yìí ni yóò jẹ."

"Yàrá yín ti wà lọ́dọ̀ mi, ní àjà karùn-ún. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù!"

"Pẹ̀lú orúnkún mi yìí? Ṣé ìwọ ni yóò máa pọ̀n mí gòkè ni, àbí ẹ ó máa fi okùn fà mí bíi garawa kànga?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ẹ̀rín ti kúrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ilé kì í tú àṣírí ilé."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ta atíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Baálé wa dìde, ó sì búra pé bí àwọn ṣe bá ọ̀nà nìyẹn. Ó ní, "Ẹ gbọ́ lẹ́nu ọmọ ilé pàápàá." Mo dìde, mo jáde kúrò lábẹ́ atíbàbà, mo lọ dúró sí àárín títì. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè mọ́ mi: "Màmá, ẹ kúrò lọ́nà!"

Mo ní, "Inú yàrá ìyá mi ni mo wà. Ìwọ ni ó yẹ kí o kan ilẹ̀kùn."

Ibẹ̀ ni mo ti rò ó fún wọn, iyán, ẹran ìgbẹ́, kẹrosíìnì, gbogbo rẹ̀. Baálé jágbe mọ́ mi: "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé kì í ṣe ọmọ ilé ni ọ́?"

Mo ní, "Ọmọ ilé ni mí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ìyàwó ilé ni kò lè sọ ọ́, ó sì ti kú."

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn gbọ́, àwọn yóò padà wá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń kí mi nínú agbo ilé wa. Sààrà kò wá mọ́, adìẹ mi ni ọ̀rọ̀ náà dùn. Àmì pupa ṣì wà lára òpó, ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà kò dáwọ́ dúró, wọ́n ń rẹ́ àjà karùn-ún lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí. Láyé ìgbà èwe mi, gbangba ni wọ́n ti ń jẹ iyán tí wọ́n fi ń yí ọ̀nà, ọmọdé tó ń bu omi ìfọwọ́ lè rí i. Lónìí, inú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú ni. Lánàá, mo rí ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ tó wọ inú ọkọ̀ Alàájì. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde, n kò sì mọ ohun tí wọ́n sọ. Èmi kò lọ sí ibì kankan. Bí ẹ bá gbọ́ pé mo ti kúrò nínú yàrá méjì yìí, ẹ má gbà pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn jáde.