Ọjọ́ tí mo jó húlà níwájú Màmá mi

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ń ta ìdì màrìwò tútù kan l'Ayétòrò báyìí, bí ẹni pé wúrà ló ń hù lórí ọ̀pẹ. Òórùn rẹ̀ kàn mí nímú láàárọ̀ yìí, ojú sì tì mí láàárín ọjà.

Màrìwò la fi ṣe yẹ̀rì nílé ìwé, nígbà tí tíṣà wa kan tó ti gbé ní Hawaii rí ń kọ́ wa ní húlà, ijó ibẹ̀.

"Ẹ má kàn máa ju ìdí, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá wòran, Màmá mi náà wá. Odi ni wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nílé. Bí mo ṣe fọwọ́ ṣe òjò, wọ́n fọwọ́ dáhùn pé kí n sáré ká aṣọ tí a sá. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ta nìyẹn?" Ọ̀rẹ́ mi ló bi mí.

"Ẹni tó ń fọṣọ fún wa ni."

Nínú gbogbo èrò ọjọ́ náà, Màmá mi nìkan ló gbọ́ ohun tí ijó wa ń sọ.

Wọ́n jó wá síwájú láti lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Mo yẹrí. Owó náà bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, n ò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ogún náírà ni.