Ohun Tí Ìbò Wa Fojú Ìyá Rúkà Rí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ èyí, torí ó ti kọjá ohun tí mo lè mú mọ́ra.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn níbí. Èyí tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé tí mo bá kúrò nídìí òfì, ìdí kọ̀ǹpútà ni mò ń lọ. Àwa kan wà káàkiri ayé tí a jọ ń ṣe áàpù kan tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ tàbí ibi tó wà. Ọ̀fẹ́ ni, a kì í gbowó iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè wo bí a ṣe kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè ní kí á fi nǹkan kún un.

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn! Ohun tí wọ́n ń béèrè pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Torí náà, a fẹnu kò pé ìbò la ó máa fi yàn. Èyí tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù la ó kọ́kọ́ ṣe. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Ìpàpó, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Ìyá Rúkà. (Mo ti yí orúkọ padà, wọ́n sì gbà kí n sọ ọ́.) Iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn. Àfi bí àwọn kan tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ṣe ya wọ oko wọn! Wọ́n gbẹ́ ihò káàkiri, odò tí ará oko ń mu di ẹrẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀, kò sẹ́ni tó lè yanu, torí àwọn tọ́ọ̀gì tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ìyá Rúkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Áàpù wa ni wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́ sí oníròyìn kan n'Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wá kí wa, wọ́n na fóònù sí mi.

"Ọmọ mi, àwọn tọ́ọ̀gì yìí ti ń dá èèyàn dúró lọ́nà oko, wọ́n ń tú fóònù wò. Ṣé ẹ ò lè bá mi bo nǹkan yìí lójú? Kó rí bí ẹ̀rọ ìṣirò, tàbí èyí tí a fi ń mọ àkókò ìrun. Kí ẹni tó bá ṣí i má bá nǹkan kan."

Mo ní ó ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa, láìdárúkọ wọn.

Ta ló dìbò fún un? Èmi àti obìnrin kan ará Kẹ́ńyà! Èyí tó wà lókè pátápátá ni pé kí ojú áàpù náà lè di dúdú lálẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà máa ta èèyàn lójú. Àwọ̀ o!

Nígbà tí a ṣèpàdé, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ fún wa kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní kò sẹ́ni tí kì í sọ pé tòun ló jẹ́ kánjúkánjú, pé tí a bá pa òfin ìbò tì fún ẹnì kan, kí la fẹ́ sọ fún àwọn yòókù? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dá a ṣe. Ó ní ta ni yóò ráyè yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ní tí a bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàbọ̀, ó lè tú àṣírí gbogbo ẹni tó ń lò ó. Òótọ́ sì ni, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Mo pe Ìyá Rúkà, mo ní kí wọ́n ṣì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù ná.

"Tí mo bá yọ ọ́, ta ni yóò sọ fún ayé pé wọ́n ń jẹ ilẹ̀ wa run?"

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ni Rúkà, ọmọ wọn, pè mí. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn tọ́ọ̀gì ti dá ìyá rẹ̀ dúró lọ́nà oko, wọ́n gba fóònù, wọ́n rí orúkọ áàpù wa gàdàgbà lójú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé áàpù àṣírí ni. Igi ni wọ́n fi lù wọ́n. Apá ọ̀tún ṣẹ́. Ojú òsì fọ́.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ní Ṣakí, ojú wọn ti wú débi pé mo fẹ́ẹ̀ kọjá ibùsùn wọn. Wọn ò bínú sí mi. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun!

Mo sọ fún ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ní kí á pa ìbò tì. Gbogbo wa fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sílẹ̀, a ṣe ohun tí Ìyá Rúkà béèrè, a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láti ìgbà náà, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi ara wa ni pé: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá rí nǹkan yìí lò?

Mo gbé e lọ fi hàn wọ́n nílé Rúkà ní Ṣakí, níbi tí wọ́n ń gbé báyìí, torí wọn ò lè padà sí Ìpàpó mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gba fóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú tó kù.

"Ó rí bí ẹ̀rọ ìṣirò lóòótọ́. Ẹ kú iṣẹ́."

Wọ́n dá a padà fún mi.

"Gbé e lọ fún àwọn tó ṣì ní oko."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ korò. Ẹni tó ń fara pamọ́ ò lè jáde wá dìbò. Tó bá jẹ́ ariwo la fi ń mọ ẹni tí nǹkan tọ́ sí, àwọn tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ la ó máa fi sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níṣojú yín rí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fọwọ́ sí nǹkan, tó jẹ́ pé ẹnì kan ló jẹ ìyà rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n tó bá lè kó yín sí wàhálà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.