Èèpo Iṣu Bàbá Ìyá Mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílùú òyìnbó kò ṣòro láti ṣàlàyé fún òyìnbó. Àwọn ará Ìsọlọ̀ ni kò yé. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa iṣu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Àlàájà, ọmọ onílẹ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí ti ìyá mi ní Ire-Akárí, ó wò mí títí, ó ní ṣé àwọn òyìnbó náà ti wá ń jẹ iyán ni. Mo ní rárá, inú ilé gíláàsì tí a ń fi iná mú gbóná ni a ti ń gbìn ín, kí àwọn irú àtijọ́ má baà parun. Ó ní kí Ọlọ́run bá mi ṣe é. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ìyá mi ló fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Èkìtì, ó sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ fún un pé àwọn iṣu tí àwọn bàbá wa ń gbìn ti ń lọ, pé ẹni tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo kó tọ́jú rẹ̀. Ẹnu lásán ni mò ń fi sọ ọ́. N kò mọ̀ pé ó ń fi sọ́kàn.

Lọ́dún kan, mo gba ìsinmi wá sílé nínú oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a gba Máfolúkù kọjá, kò sì pẹ́ tí mo fi délé. Ìyá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ Àlàájà. Ebi ń pa mí gan-an, torí oúnjẹ inú ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe oúnjẹ. Mo wọ kíṣìnì, mo ṣí ìkòkò, òfìfo ni. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo rí iṣu kan tó dá dùbúlẹ̀ sórí páálí. Kò tóbi. Ó ti yọ ọ̀mùnú lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Mo rí ọ̀mùnú yẹn, mo sì ronú bí onímọ̀. Mo ní iṣu tó bá ti ń hù, adùn rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́ ni, kí n tètè sè é. Mo ṣẹ́ ọ̀mùnú náà dànù, mo gé orí iṣu, mo bó ìyókù, mo sè é, mo sì dín ẹyin sí i. Ó dùn débi pé mò ń kọrin bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Mo rántí ẹ̀kọ́ ilé kan ṣá. Ní àdúgbò wa, èèpo kì í dé inú garawa ìdọ̀tí. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni o, ti iṣu ni o, ọ̀dọ̀ Àlàájà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, fún àgbò tó ń sìn de Iléyá. Bí Iléyá bá sì dé, àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà á gba ẹran tiwa. Mo kó èèpo lọ fún un, mo tiẹ̀ fi ọwọ́ ara mi fún àgbò náà ní orí iṣu jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ń wò mí bóyá ó kù. Mo padà wọlé, mo sùn.

Ìró ẹsẹ̀ ìyá mi ní kíṣìnì ló jí mi. Mo bá a lórí àpótí, gèlè ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń wo páálí òfìfo. Kò tiẹ̀ kí mi káàbọ̀. Ó béèrè iṣu. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti jẹ ẹ́, ó sì dùn.

"Iṣu bàbá mi ni," ló wí. "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé ti jẹ tiwọn tán. Ìyẹn nìkan ló kù. Ìwọ lo ní kí n tọ́jú ẹ̀."

Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń gbìn ín sínú àpò lẹ́yìn ilé, kí n lè wá mú nínú rẹ̀ lọ sí ilé gíláàsì mi. Ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́. Wọ́n ní àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Kò kan ìwé náà. Èmi tí wọ́n ń sanwó oṣù fún kí iṣu má baà parun, èmi ni mo fi ẹyin jẹ èyí tó kù.

Ó béèrè orí rẹ̀. Nílé wa, orí iṣu kì í wọ ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń wà títí di ìgbà ìgbìn. Ìlú tí wọ́n ti ń ta iṣu ní gígé nínú ọ̀rá ti mú mi gbàgbé. Mo ní àgbò ti jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ló bọ́ sí Èkìtì pọ́ńbélé, èyí tí kì í sọ fún wa àfi tínú bá bí i. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Lójijì ló gbé ojú wò mí.

"Ìwọ lo bó o fúnra ẹ?"

Mo ní èmi ni. Ló bá dìde. Láti kékeré ni ó ti ń bá mi jà nítorí iṣu bíbó. Ó máa ń sọ pé èèpo tí mo bá bó, ilé kan lè sè é jẹ kí wọ́n yó. Ó kọ́ mi títí, ó fi ìfọ́tí kọ́ mi, n kò mọ̀ ọ́n bó fẹ́lẹ́ títí dòní. Èèpo tí ara iṣu bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lè hù. Èmi ni mo kàwé rẹ̀, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ rò ó.

A sáré dé ọ̀dọ̀ Àlàájà. Ọpẹ́ ni pé kì í fún àgbò ní èèpo tútù, kí inú má baà wú u. Orí páànù àlòkù ló ń sá a sí. Ṣùgbọ́n èèpo ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó ti dà wọ́n pọ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Èyí tó bá nípọn, tèmi ni. Ó ṣa mẹ́rìnlá. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ìró ìdí rẹ̀ fi fẹ́ tú.

"Pùròfẹ́sọ̀," ló wí, "ṣé wọ́n ń sanwó fún ẹ lóòótọ́?"

Mo lọ tọrọ eérú lọ́wọ́ oníbọ̀ọ̀lì kan ní Òkè-Àfá, a fi pa ojú èèpo náà kó má baà jẹrà, a tò wọ́n sínú iyanrìn tútù nínú báàfù ìyá mi, lábẹ́ ibòji. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò sí i nílé. Ohunkóhun kò hù.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá mi a yí fóònù sí báàfù, iyanrìn ni mò ń rí. Ó máa ń ròyìn èyí tó bá jẹrà. Mò ń dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mò ń kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe Àìkú, ó pè mí. Ọ̀mùnú pupa kan ti yọrí nínú iyanrìn, ó tó ìka.

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé o ò gbọ́," ló wí, "nígbà tí mò ń kọ́ ẹ ní iṣu bíbó."

Mẹ́ta ló hù nínú mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo tún wálé nínú oṣù Kẹta ọdún kejì, iṣu mẹ́ta tó ta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì lórí páálí, kò sí èyí tó ju ìkúùkù lọ. Ó fi òwú funfun so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé ojú pátákó kọ ọ́ sí wọn lára pé: KÌ Í ṢE OÚNJẸ.

Ó tú bébà ara ọ̀kan, ó gé orí rẹ̀ sójú fèrèsé, ó na ọ̀bẹ sí mi.

"Bó iṣu yìí," ló wí, "bí o ṣe máa ń bó o."

Ó gbé báàfù jókòó tì mí, ó ń gba èèpo lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.