Oògùn Benson Ló Wu Ọkọ Mi

Lójú ayé, "ẹ" ni mo máa ń lò fún ọkọ mi. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" títí n ó fi sọ̀rọ̀ yìí tán.

Ọládòṣù ni orúkọ rẹ̀. Ajẹ́ńtì ni ní èbúté Tin Can, ó ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Òun àti Benson ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń gbé Ajégúnlẹ̀. Benson ríṣe, ó kó lọ sí Àpápá GRA. Àwa ṣì wà ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Boundary. Láti ìgbà yẹn ni ojú ọkọ mi ti wà lára Benson. Bí Benson bá ra bàtà, ti ọkọ mi ò ní dára lójú ẹ̀ mọ́. Benson ra jẹnẹrétọ̀, ọkọ mi ò rí oorun sùn. Èmi tí mo wà nílé, tí mo ń ránṣọ, tí mo bímọ fún un, kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí rí.

Lọ́dún tó kọjá, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn Benson dí, díẹ̀ ló kù kó kú. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ti ọkọ mi náà dí. Àìsàn gan-an, kò lè jẹ́ kí Benson dá a ṣe.

Ní ọsibítù, wọ́n fi irin kékeré kan la òpó náà fún àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kí wọ́n máa lo asipírìn pẹ̀lú oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ irin yẹn. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé bí ọkọ mi bá fi oògùn yìí ṣeré, irin náà á dí, ó sì lè kú ká tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń fi oògùn sí i lọ́wọ́ láràárọ̀. Kí n má purọ́, mo gbádùn ẹ̀. Ní àsìkò yẹn, èmi ló ń wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé oògùn wọn ò jọra. Clopidogrel ni ti ọkọ mi, ticagrelor ni ti Benson. Lọ́jọ́ tí a lọ kí Benson nílé, bí ọkọ mi ṣe máa ń yẹ ẹrù wò ní Tin Can ló ṣe ń yí páálí oògùn Benson sọ́tùn-ún sósì, ó ń wá ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Ìlú òyìnbó ni. Tirẹ̀, Íńdíà. A padà délé. Ó wá ní wọ́n fún Benson ní ojúlówó, wọ́n fún òun ní ti mẹ̀kúnnù.

Nígbà tó yá, ìwà rẹ̀ yí padà. Kò gbé oògùn mì lójú mi mọ́, á ní òun á lò ó tóun bá jẹun tán. Gbogbo Sátidé ló ń fín lọ́fínńdà, tó ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àpápá, tó ń padà dé tòun torin lẹ́nu. Ṣé ọmọdé ni mí ni? Obìnrin ti wà níbẹ̀. Mo jowú débi pé mo rán apá búláòsì oníbàárà mọ́ ibi ọrùn.

Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ lé e. Mo yọ yẹtí mi, mo so ìró mi le, torí ìjà ni mo ń lọ jà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró níwájú ilé Benson. Mo ní, áà, Benson ló ń bá a fi obìnrin náà pamọ́. Mo ti géètì, mo wọlé.

Obìnrin kankan ò sí. Ọkọ mi àti Benson ló jókòó ní fàráńdà. Ọkọ mi ń tú clopidogrel tí mo ti ń fún un láràárọ̀ jáde látinú bébà, ó ń dà á sọ́wọ́ Benson. Benson náà ń da ticagrelor sọ́wọ́ ọkọ mi. Wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀.

Benson ló jẹ́wọ́. Ó ní oògùn òun kì í jẹ́ kóun mí dáadáa, òun ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara òun, òun sì ń jowú ọkọ mi tó ń fẹsẹ̀ rìn kiri Boundary. Mo bi ọkọ mi bó ṣe ń lo èyí tó gbà. Ó ní bí mo ṣe ń fún òun náà ni, àràárọ̀.

Benson la ẹnu sílẹ̀. "Dòṣù, ẹ̀ẹ̀mejì ni o. Láàárọ̀, lálẹ́."

Ọkọ mi gbọ́wọ́ lé àyà. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Àṣé àyà náà ti ń dùn ún láti àná, kò fẹ́ kí n mọ̀. Dẹ́rẹ́bà Benson ló sáré gbé wa dé ọsibítù, irin náà sì ti ń dí. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Dókítà bínú sí gbogbo wa, èmi tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà gba tèmi. Ó ní oògùn méjèèjì ló dára. Ti Benson lágbára jù, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kó má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn mí dáadáa. Ti ọkọ mi tu ara lára, àmọ́ ara ẹlòmíràn kì í lò ó dáadáa. Ó ní ara ẹni ni àwọn ń wò yan oògùn, ẹnì kan kì í yàn án ní fàráńdà. Ó wá fi Benson sórí clopidogrel, ó fi ọkọ mi sórí ticagrelor, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ wá wo ẹ̀rín lẹ́nu ọkùnrin tó fẹ́ kú.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó bi mí pé ta ni mo wá bá jà ní Àpápá tí mo fi yọ yẹtí. Mo ní mo rò pé obìnrin ni. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Tó bá jẹ́ obìnrin ni," mo ní, "mo mọ bí mo ṣe máa lé e lọ. Benson ńkọ́?"

 Ó tẹ́wọ́ gba oògùn alẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e mì, ó sì ní kí n bá òun pe Benson, bóyá ó ti lo tirẹ̀ lónìí.

Mo pè é.