Omi Ìwẹ̀ Ìyá Ìkókó àti Jẹnẹrétọ̀ Kékeré

Ohun tó gbé mi jáde nínú yàrá láàárọ̀ ọjọ́ náà ni bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń kérora. A ti há mọ́lé ní Abobo, ìbọn ń dún lójú títì. Mi ò ní sọ àwọn tó ń yìn ín. Mo ṣì ń gbé ládùúgbò náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ fèrèsé, mo lọ pa ẹ̀rọ náà kó tó jóná.

Màmá Àlàbí, onílé wa, ló fà á. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Gáàsì ti tán, èédú ò sí, ìyá ìkókó sì gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀. Màmá wá rántí irin oníná méjì tí àbúrò rẹ̀ kó wá láti Èkó, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ omi kó lè gbóná. Ó ti tan ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ yìí kan náà ló ń gbé fìríìjì tí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ọkọ Màmá wà. Tó bá jó, kò síbi tá a ti máa rí òmíràn, abẹ́rẹ́ á sì bàjẹ́.

Mo ní kí ìyá ìkókó fi omi tútù wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí.

"Bàbá Kọ́lá, ṣé ìwọ lo bímọ ni?" Màmá ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára irin náà: 220 fóltì, ampíà 5. Ọ̀gá Bàsílì, ará Àjàṣẹ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ iná ní Yopougon, kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan wáyà láìṣírò. Fóltì ni bí iná ṣe ń tì tó, ampíà ni bó ṣe ń ṣàn tó. Tí o bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, o rí wáàtì, ìyẹn agbára tí nǹkan náà ń jẹ. Tí o bá fi ampíà pín fóltì, o rí óòmù, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó. Iná ti gbé Ọ̀gá rí, ìka rẹ̀ méjì ò ṣeé ká mọ́. Àwa tá a rí ìka yẹn kì í bá a jiyàn.

Irin Màmá ń jẹ 1,100 wáàtì. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 44. Jẹnẹrétọ̀ wa ò lè gbé ju ampíà mẹ́ta lọ, ìyẹn 660 wáàtì. Mo ní kí Màmá fún mi ní irin kejì.

"Ọ̀kan ti fẹ́ pa á, o tún fẹ́ fi méjì sí i? Ìbẹ̀rù ti dà ọ́ lórí rú."

Mo ṣàlàyé pé mo máa so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí iná gba inú ọ̀kan kọjá kó tó dé èkejì. Ìdènà á di 88, ampíà á di méjì ààbọ̀, wáàtì á di 550. Omi á pẹ́ kó tó gbóná, àmọ́ ẹ̀rọ ò ní kú. Màmá fà á lé mi lọ́wọ́, àmọ́ nígbà tí mo ń gé wáyà irin tuntun rẹ̀, ńṣe ló gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo yọ fìríìjì kúrò lára iná, mo ki irin méjèèjì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan omi, mo wá tan ẹ̀rọ. Mítà tí mo fi ń wọn iná fi 210 fóltì àti ampíà 2.4 hàn, díẹ̀ lé ní 500 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ ń dún geere.

Nígbà tí oru bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú omi, mo pa iná, mo yọ wáyà kúrò pátápátá. Màmá ti ìka bọ̀ ọ́. Ó ní ó ti gbóná jù, kí wọ́n bu tútù sí i.

Mo lọ ki fìríìjì padà bọ iná. Nígbà tí mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì jókòó sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ọ.